Ojú Ẹsẹ̀ Búrọ́ọ̀ṣì: Bí Ẹ̀kọ́ Àwòrán Alámì Ṣe Dé Kétu àti Mile 12

Impressionism ni orúkọ irú àwòrán kan tí ojú ẹsẹ̀ búrọ́ọ̀ṣì kì í fara sin lára rẹ̀. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn yóò rí ọ̀dà tí wọ́n tẹ̀ sílẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ: àmì kúkúrú, àmì tó wọ́, àmì tó dà bí ìgbà tí ènìyàn fi ìka tẹ ẹ̀kọ gbígbóná. Bó bá fà sẹ́yìn díẹ̀, àwọn àmì náà á para pọ̀, wọn á di omi, wọn á di ewé, wọn á di èrò ọjà. Ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama tó wà ní Kétu, Ìkòsí àti àyíká Mile 12, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá yan iṣẹ́ ọnà ń bá orúkọ yìí pàdé nínú ìtàn àwòrán ilẹ̀ Yúróòpù, olùkọ́ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ a sì máa fi búrọ́ọ̀ṣì lé wọn lọ́wọ́ kí wọ́n dán an wò. Ọ̀nà tí ẹ̀kọ́ náà gbà dé ibẹ̀ kò tọ́ bí ọ̀pá ìbọn. Ọkùnrin tó kọ́kọ́ fi ẹ̀kọ́ àwòrán sí ilé ìwé Èkó kọ́ṣẹ́ ní Paris gan-an, nígbà tí àgbà àwọn ayàwòrán Impressionism ṣì wà láàyè, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀kọ́ tiwọn ló gbé bọ̀ wálé.

Paris ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1874, àwọn ayàwòrán kan tí ìgbìmọ̀ àfihàn ìjọba ti ń kọ iṣẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn léraléra gba yàrá tí Nadar, gbajúgbajà ayafọ́tò, ti lò rí, wọ́n sì fi owó ara wọn pàtẹ àwòrán ara wọn. Claude Monet wà níbẹ̀, Camille Pissarro wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Berthe Morisot, Auguste Renoir àti Edgar Degas. Monet kó àwòrán èbúté Le Havre kan wá, tí oòrùn òwúrọ̀ pọ́n bí ẹyin iná láàárín kùrukùru, ó sì pè é ní "Impression, soleil levant". Louis Leroy, akọ̀wé ìwé ìròyìn kan, mú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú orúkọ yẹn, ó fi ṣe gbogbo wọn yẹ̀yẹ́. Àwọn náà gba èébú, wọ́n sọ ọ́ di orúkọ. Ìgbà mẹ́jọ ni wọ́n pàtẹ báyìí kí wọ́n tó tú ká ní 1886.

Ọgbọ́n orí nìkan kọ́ ló gbé irú àwòrán yìí jáde. Ohun èlò àti ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ wà nídìí rẹ̀. Títí di àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, inú àpò ìtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni àwọn ayàwòrán ń tọ́jú ọ̀dà tí wọ́n ti lọ̀ pọ̀ mọ́ òróró sí, kò sì rọrùn láti gbé e rìn. Ní 1841, John Goffe Rand, ará Amẹ́ríkà kan, gba ẹ̀tọ́ lórí túùbù onírin tó ṣe é fún pọ̀, tó sì ní ìdérí. Láti ìgbà náà ni ayàwòrán ti lè kó ọ̀dà sínú àpò, kó lọ sí etí odò, kó sì ya ohun tó ń rí lójú ẹsẹ̀. Èkejì wá láti ọ̀dọ̀ aláró. Michel Eugène Chevreul ló ń bójú tó ilé aró ní iléeṣẹ́ aṣọ híhun Gobelins ní Paris. Àwọn oníbàárà ń ráhùn pé aró dúdú rẹ̀ kì í dúdú tó. Nígbà tó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé aró kọ́ ló ṣẹ̀, àwọ̀ tí wọ́n hun sí ẹ̀gbẹ́ òwú dúdú náà ló ń yí ojú ẹni padà. Ó kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1839. Ohun tí ìwé náà sọ ni pé àwọ̀ kan kì í dá rí bó ṣe rí. Àwọ̀ tí wọ́n fi tì í ló ń sọ bó ṣe máa tàn tó. Pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewéko á le sí i, búlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọsàn á mú sí i. Ìdí nìyí tí àwọn ayàwòrán náà kò fi po àwọ̀ pọ̀ tán lórí pátákó mọ́. Wọ́n ń fi àmì kékeré ti àmì kékeré, ojú ẹni tó ń wò ó ni yóò pò ó.

Ọ̀rọ̀ aláró yìí kò ní ṣàjèjì sí ẹni tó mọ àdìrẹ. Ní ilẹ̀ Yorùbá, kí ẹnikẹ́ni tó fi búrọ́ọ̀ṣì òyìnbó kọ́ ọmọ, àwọn obìnrin Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ti ń ti ìyẹ́ adìẹ bọ inú ẹ̀kọ, wọ́n ń tò ó sára aṣọ funfun ní kíkán kíkán àti ní ìlà, kí wọ́n tó rì í bọ inú ìkòkò aró. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn obìnrin ló ń kun ògiri ojúbọ Òrìṣà Ìkirè nígbà ọdún, tí wọ́n ń fi àwọ̀ tí wọ́n rí lára ilẹ̀, èédú àti ewé kun ti tuntun lé orí ti àná. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a sọ àsọdùn. Àmì ìwọ̀nyí ń sọ̀rọ̀ nípa òrìṣà, nípa orúkọ àti àrokò. Wọn kò wá láti mú bí oòrùn ṣe tàn ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀. Ohun tó jọra ni ọwọ́: ọwọ́ tó mọ̀ pé àmì kan ṣoṣo kò tó nǹkan, pé àkójọ wọn ló ń di àwòrán.

Aina Onabolu ló mú ẹ̀kọ́ àwòrán ti òyìnbó wọ ilé ìwé Èkó. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti bí i ní 1882. Àwọn àwòrán inú ìwé òyìnbó tó ń bọ̀ láti òkè òkun ló ń wò yà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ́ ara rẹ̀ níṣẹ́. Ní 1906 ó ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage, èyí tí àwọn onímọ̀ ń kà sí ọ̀kan pàtàkì nínú ìbẹ̀rẹ̀ àwòrán ìgbàlódé ní Nàìjíríà. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ òyìnbó ló gbà pé ọmọ Áfíríkà lè gbẹ́gi, ṣùgbọ́n pé kò lè ya ojú ènìyàn kó jọ ọ́. Onabolu fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ já irọ́ yẹn. Ní 1920 ó tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde lórí iṣẹ́ ọnà, ó sì wọkọ̀ ojú omi lọ sí London, ní ilé ẹ̀kọ́ àwòrán St John's Wood. Ó tún dé Académie Julian ní Paris. Ó padà wálé ní 1922.

Ní ọdún méjì yẹn, Monet ṣì wà ní Giverny. Ó ti lé ní 80 ọdún, ojú rẹ̀ ti ń ṣú, síbẹ̀ ó ń ya òṣíbàtà inú adágún rẹ̀ ní àmì ńláńlá. 1926 ló kú. Renoir ti kú ní 1919. Ní ìgboro Paris, àwọn ọ̀dọ́ tilẹ̀ ti kúrò nídìí Impressionism, wọ́n ti wà nínú ìyàwòrán onígun-mẹ́rin-onígun-mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní Cubism. Onabolu kò tẹ̀ lé èyíkéyìí nínú wọn. Ohun tó dì sínú ẹrù rẹ̀ ni bí a ṣe ń wọn ara ènìyàn, bí ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ṣe ń fún ojú ní ẹran, àti bí òpópónà ṣe ń tín-ín-rín bó bá ṣe ń jìnnà. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ń tẹnu mọ́ jù ní kíláàsì, tó fi di pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Mr. Perspective.

Àwọn kan lè rò pé ó pẹ́ lẹ́yìn, pé ó lọ sí ìlú tí gbogbo nǹkan ti yí padà, ó sì ra ọjà àná. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn Faransé tó ń tú àmì ká lórí káńfáàsì ti ní igba ọdún àwòrán dídán lẹ́yìn wọn. Kò sí ẹni tó lè sọ pé wọn kò mọ̀ ọ́n yà. Onabolu kò ní irú ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀. Bó bá gbé àwòrán tó ṣe kálákàlà wá sí Èkó ní 1922, ẹ̀rí ló ń kó fún àwọn tó ń sọ pé ọwọ́ dúdú kò lè ṣe é. Ó ní láti kọ́kọ́ fi hàn pé ó lè ya irun orí ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan kí ẹlòmíràn tó ní òmìnira láti má yà á.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama Èkó, King's College àti CMS Grammar School wà lára wọn. CMS Grammar School yìí ni ó kó lọ sí Bàrígà lẹ́yìn náà, nítòsí ibi tó di Kòsọ́fẹ́. Onabolu kò dákẹ́ lórí kí ìjọba amúnisìn mú olùkọ́ àwòrán sí i wá. Ní 1927 Kenneth Murray dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀nà méjì ni wọ́n wá yà sí. Murray kò fẹ́ kí ọmọ Nàìjíríà máa fi ọgbọ́n òyìnbó yàwòrán rárá. Ó ní kí wọ́n wo abúlé wọn, kí wọ́n wo igi gbígbẹ́ àti amọ̀ mímọ, kí wọ́n sì yà á bó ṣe wà lọ́kàn wọn. Ben Enwonwu ni akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó lókìkí jù, wọ́n sì gbé iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Murray márùn-ún lọ sí Zwemmer Gallery ní London ní 1937. Murray ṣe ilẹ̀ yìí lóore ńlá nínú kíkó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé pamọ́, ṣùgbọ́n nínú àríyànjiyàn yìí, Onabolu ló jàre. Ẹni tí ọgbọ́n òyìnbó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ láti pinnu pé kò yẹ fún ẹlòmíràn. Láàárín àwọn méjèèjì, kò sí èyí tó kọ́ ọmọ Èkó ní àmì kéékèèké. Ọ̀kan ń sọ pé kí wọ́n dán an títí tí àmì kò ní hàn, èkejì ń sọ pé kí wọ́n gbàgbé ilẹ̀ Yúróòpù.

Ẹ̀yìn ogun àgbáyé kejì ni ilẹ̀kùn ṣí. Wọ́n dá Yaba Technical Institute sílẹ̀ ní 1947. Ní 1955 Paul Mount, agbẹ́gilére ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà níbẹ̀. Ní àkókò kan náà, ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà Nigerian College of Arts, Science and Technology fìdí múlẹ̀ sí Zaria, níbi tí Clara Etso Ugbodaga-Ngu ti di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ń kọ́ni níbẹ̀. Ní Zaria ni Uche Okeke, Demas Nwoko, Bruce Onobrakpeya, Yusuf Grillo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1958. Èrò wọn ni pé kí ayàwòrán mú èyí tó dára nínú ohun àjèjì, kó pò ó mọ́ ti ilé. Èrò yìí parí ìjà Onabolu àti Murray. Láti ibẹ̀ lọ, àmì búrọ́ọ̀ṣì ti Faransé kì í ṣe ẹ̀sìn tí ènìyàn ń gbà tàbí kọ̀ mọ́. Ó di irinṣẹ́ bí àdá àti ọkọ́.

Grillo, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1934, bọ́ sí Yábàá ní 1961, ó sì darí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà fún bí ọdún 25. Àwòrán tirẹ̀ kì í ṣe Impressionism: ojú rẹ̀ gún régé, ó sì pín bí gíláàsì fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó wo búlúù rẹ̀ tí kò ní rántí ìkòkò aró, àwọn tó sì kọ́ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé ara dúdú lè jẹ́ búlúù, ewéko àti àlùkò nínú àwòrán. Kolade Oshinowo tún fi ọdún tó lé ní 30 kọ́ni níbẹ̀; àwọn ọjà rẹ̀ àti àwọn obìnrin rẹ̀ ń yọ jáde láti inú àmì àwọ̀ tó tú ká. Abiodun Olaku, tí òun náà jáde ní Yábàá, di ẹni tí wọ́n mọ̀ mọ ìmọ́lẹ̀ Èkó lálẹ́, nígbà tí fìtílà ìsọ̀ bá ń tàn lára ẹrẹ̀. Ní Zaria, Gani Odutokun, ọmọ Ọ̀ffà tí wọ́n bí ní Ghana ní 1946, gbé e kọjá ibẹ̀: ó ń da ọ̀dà sílẹ̀ kó máa ṣàn, kó tó wá inú rẹ̀ fa ènìyàn yọ. Jàǹbá ọkọ̀ ló pa á ní 1995. Ní Òṣogbo, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ ìgbà díẹ̀ ti wáyé láti 1962, Jimoh Buraimoh to ìlẹ̀kẹ̀ sójú àwòrán ní ẹyọ ẹyọ, èyí tí ó sún mọ́ àmì Faransé ju bí òun fúnra rẹ̀ ṣe wá a lọ.

Àwọn tó jáde láti irú ibi báwọ̀nyí ló di olùkọ́. Kòsọ́fẹ́ ní ti tirẹ̀ kò ní ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀ títí di ìparí àwọn ọdún 1970. Ibùdó tó wà ní máìlì 12 lójú ọ̀nà Ìkòròdú ti ń gba èrò, Kétu ti ń kún, ṣùgbọ́n ní Èkó nígbà náà, àwọn ọmọ kan ń lọ sílé ìwé láàárọ̀, àwọn mìíràn ń lọ lọ́sàn-án, nítorí yàrá kò tó. Ìjọba Lateef Jakande, tó wọlé ní 1979, fòpin sí pínpín yẹn. Ó kọ́ àwọn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ gbọọrọ sí gbogbo ìpínlẹ̀, tí àwọn alátakò fi wé ilé adìẹ, ó sì sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́. Ní 1980 ni ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ dá dúró. Láàárín ọdún díẹ̀, ọmọ alátà Mile 12 ti ní àyè láti jókòó ní kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ àwòrán. Àwọn tó ń pè é ní ilé adìẹ kò rò ó dé ibẹ̀. Ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 tó bẹ̀rẹ̀ ní 1982 fi iṣẹ́ ọnà sí àárín iṣẹ́ àwọn ọmọ girama kékeré; láti 2008 wọ́n pa á pọ̀ mọ́ orin, ijó àti eré ìtàgé lábẹ́ orúkọ kan, ó sì di dandan títí dé ìparí ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́sàn-án. Ẹni tó bá fẹ́ ló ń yàn án lẹ́yìn ìyẹn.

Ohun èlò ni ìṣòro àkọ́kọ́. Ọ̀dà olóróró wọ́n ju ohun tí ọ̀pọ̀ òbí ní Kétu lè rà. Poster colour inú ìgò kékeré àti ọ̀dà lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n ń fi omi àti gọ́ọ̀mù pò ló wọ́pọ̀, orí kádíbọ́ọ̀dù ni wọ́n sì ń kùn ún sí. Èyí ń yí ẹ̀kọ́ náà padà ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Òróró kì í tètè gbẹ, ìdí nìyí tí Monet fi lè fi àmì tuntun wọ inú èyí tó ṣì tutù kí wọ́n máa yọ̀ wọ ara wọn. Poster colour ń gbẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú ooru Èkó, omi tó bá sì tún kan án lẹ́yìn náà ń gbé e kúrò nílẹ̀. Nítorí náà, olùkọ́ tó gbọ́n kì í fi ipá mú wọn ṣe tútù-sínú-tútù. Ó ń jẹ́ kí ìpele àkọ́kọ́ gbẹ, kí wọ́n wá fi búrọ́ọ̀ṣì tí omi rẹ̀ kò pọ̀ tẹ àmì lé e, kí àwọ̀ ìsàlẹ̀ máa yọ láàárín. Níbi tí búrọ́ọ̀ṣì kò bá ti tó, orín tí wọ́n jẹ lẹ́nu títí tó fi tú, fóòmù bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n gé, tàbí ìka ọwọ́ lásán ń ṣe é. Orín tilẹ̀ ń fi àmì tó tú ká sílẹ̀ tí búrọ́ọ̀ṣì ọ̀wọ́n kò lè ṣe.

Ohun tí wọ́n máa yà kò ṣòro láti rí. Ọjà Mile 12 ni àwọn mọ́tò ń kó tòmátì, ata àti alúbọ́sà láti òkè ọya wá já, nínú apẹ̀rẹ̀. Pupa tòmátì wà, pupa tàtàṣé wà, pupa ṣọ̀ńbọ̀ tún wà, kò sì sí èyí tó jọ èkejì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi pupa kan ṣoṣo kun apẹ̀rẹ̀ ti sọ ọjà di ògiri. Olùkọ́ á ní kó mú pupa, ọsàn àti àlùkò díẹ̀, kó máa tẹ̀ wọ́n ní ẹyọ bí èso náà ṣe yípo, kí àmì tẹ̀ lé bí nǹkan ṣe rí: yíyí lára tòmátì, gígùn lára ṣọ̀ńbọ̀, kúkúrú lára ewé. Ẹ̀fọ́ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á jẹ́ kí pupa náà ké, ohun tí Chevreul rí nílé aró nìyẹn.

Òjìji ló máa ń le jù. Yorùbá ń pe búlúù tó jinlẹ̀ ní dúdú, ó ń pe ewéko tó ki ní dúdú, ọmọ náà á sì fa ìgò ọ̀dà dúdú yọ kíákíá. Àwọn ayàwòrán Paris sá fún dúdú nítorí pé kò sí i nínú òjìji ìta gbangba. Òfuurufú ń tàn sínú rẹ̀. Bí wọ́n bá kó akẹ́kọ̀ọ́ jáde lọ wo òjìji agboòrùn oníṣòwò lórí ilẹ̀ pupa, wọ́n á rí i pé ó ní àwọ̀ aró nínú. Ibí yìí ni èdè ti ń ran ẹ̀kọ́ lọ́wọ́, nítorí pé ẹni tó ń pe aró ní dúdú ti mọ ohun tí olùkọ́ ń wá.

Ìmọ́lẹ̀ Èkó náà yàtọ̀ sí ti Faransé. Níbẹ̀, oòrùn ń fẹ̀gbẹ́ wá ní ọ̀pọ̀ ìgbà nínú ọdún, òjìji ń gùn. Ní Èkó, oòrùn ọ̀sán ń wà lórí gan-an, òjìji ń sá wọ abẹ́ ẹsẹ̀. Láàárín 1890 àti 1891, Monet ya òkìtì àlìkámà kan náà léraléra ní oríṣìíríṣìí àkókò, nǹkan bí 25 àwòrán, tí ó ń gbé káńfáàsì kan kalẹ̀ gbé òmíràn bí ìmọ́lẹ̀ bá ti yí. Ní ilé ìwé Kétu, wọ́n lè ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú igi kan nínú ọgbà: aago mẹ́jọ kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, àti aago méjì kí wọ́n tó lọ ilé. Ọyẹ́ yóò fi eruku funfun bò ó, òjò oṣù kẹfà yóò sọ ọ́ di eérú. Agbóyí wà nítòsí pẹ̀lú, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé ènìyàn lọ sílé lórí omi; Monet tilẹ̀ sọ ọkọ̀ ojú omi kan di yàrá iṣẹ́ nítorí irú omi bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ẹ̀kọ́ yìí ṣì ṣe aláìní ni àkókò. Pírẹ́ọ̀dù kan kì í ju nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú lọ, nígbà tí wọ́n bá sì fi pín omi, pín ìwé, tí wọ́n tún fi fọ ife, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú ló kù fún wíwò. Àwòrán tí ẹni kan ya láì wò ó dáadáa máa ń jẹ́ àwòrán ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, irú àwòrán tí Impressionism wá láti fòpin sí. Kí àwọn olórí ilé ẹ̀kọ́ tó ń to tábìlì àkókò so pírẹ́ọ̀dù méjì pọ̀ fún iṣẹ́ ọnà lọ́sẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí olùkọ́ kó wọn jáde lọ síta.